Iyọ̀, Ẹ̀kùrọ́ àti Iná Mànàmáná

Olóòtú ìwé yìí ni ó bẹ̀ mí pé kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa ẹ̀kọ́ tí mo lọ kọ́ ní Yúróòpù. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má wá ròyìn yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó bá ti òkè òkun dé ni ó ń ròyìn ìyẹn. Mo gbà fún un. Nígbà tí mo wà nínú Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, àwa akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì tí a ń wá sí ìpàdé kò ju mẹ́ta lọ, iṣẹ́ tí wọ́n sì máa ń yàn fún wa ní ọjọ́ àṣà kò ju pé kí á to àga, kí á sì wá jẹnẹrétọ̀ yá. Ti jẹnẹrétọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi fẹ́ jọ.

Orúkọ tí ó wà lára ìwé ẹ̀rí mi gùn. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀, ó di oyè ẹ̀kọ́ kejì nínú ìmọ̀ àwọn ohun èlò fún ìpamọ́ àti ìparadà agbára. Ìpamọ́ ni ti bátìrì. Ìparadà ni bí a ṣe ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí háídírójìn di iná mànàmáná. Ọ̀kan ni ẹ̀kọ́ náà jẹ́ nínú àwọn ètò Erasmus Mundus tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá sílẹ̀ ní ọdún 2004. Ọdún méjì ni, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ jókòó sójú kan, nítorí pé yunifásítì orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣe é. Yunifásítì Picardie Jules Verne ní ìlú Amiens, ní ìhà àríwá Faransé, ni olórí wọn. Ní tèmi, Warsaw ní Pólàńdì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo gba Toulouse kọjá, mo gba Ljubljana ní Sìlòféníà, mo sì parí iṣẹ́ ìwádìí mi ní Amiens. Wọ́n san owó ẹ̀kọ́ mi, wọ́n sì ń fún mi ní owó oúnjẹ àti ilé lóṣooṣù. Ohun tí ó ni mí lára níbẹ̀ kò ju ti ìwé ìrìnnà lọ: ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba kan, tí n kò ní dárúkọ, tẹ́ ìwé mi pa fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ ti lọ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n tó dé.

Kí ẹ má baà rò pé ìfẹ́ ìmọ̀ nìkan ni ó gbé mi dé ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi. Ẹja inú fírísà ni ó ń tà ní Ìbàdàn: àlàrán, kòtè, ṣáwá. Fírísà méjì ni ó fi tọ́ àwa ọmọ mẹ́rin. Iná NEPA ni fírísà wọ̀nyí ń jẹ (NEPA ti kú láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò tíì sin ín), bí NEPA bá sì ti mú un lọ, jẹnẹrétọ̀ ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí iye rẹ̀ sì fò sókè ju ìlọ́po méjì lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà ni èrè ẹja ti ń bọ́ sínú táńkì epo. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ tí ó ń pín iná ká gbogbo orílẹ̀-èdè dojú dé. Ìyá mi sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn oníbàárà òun ti ń gbọ́ òórùn ẹja kí wọ́n tó béèrè iye rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí ó ti sọ ọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó. Fírísà kan tí ó ń jẹ 150 wáàtì, tí mọ́tò rẹ̀ ń sinmi fún ìdajì àkókò, yóò jẹ 1,800 wáàtì-wákàtí lójúmọ́. Méjì á jẹ 3,600. Bátìrì olójé ńlá tí àwọn oní-ínfátà ń tà, èyí tí ó jẹ́ fóòtì 12 àti 200 ámpíà-wákàtí, gba 2,400 wáàtì-wákàtí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí o kò bá fẹ́ kí ó tètè kú, o kò gbọdọ̀ fà ju ìdajì rẹ̀ lọ, ìyẹn 1,200. Nítorí náà, ó tó mẹ́ta, ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin, nítorí pé ínfátà fúnra rẹ̀ ń bù jẹ níbẹ̀. Ooru wa tún wà níbẹ̀. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ kan láàrin àwọn onímọ̀ bátìrì ni pé gbogbo ìwọ̀n 10 tí ooru bá fi lé ní ìwọ̀n 25, ọjọ́ ayé bátìrì olójé ń dín kù sí bí ìdajì. Bàbá rẹ́wáyà àdúgbò wa kò ka òfin yìí rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré pé ojú ọ̀sán ni ó ń pa bátìrì, kì í ṣe iṣẹ́.

Ọkùnrin ará Faransé kan, Gaston Planté, ni ó ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́ ní ọdún 1859. Ẹ̀yà rẹ̀ náà ni ó ṣì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dánfó títí di òní. Èyí tí ó wà nínú fóònù yín ni ti lítíọ̀mù, tí ilé iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé wá sí ọjà ní ọdún 1991. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo ti gbìyànjú láti là yé ìyá mi ní ìgbà púpọ̀, àwòrán kan ṣoṣo ni ó sì wọ̀ ọ́ létí.

Fojú inú wo ọjà méjì tí odò wà láàrin wọn. Àwọn alájàpá wà nínú ọjà kìíní, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Alájàpá yìí ni lítíọ̀mù; ẹrù rẹ̀ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Alájàpá lè wọ odò kọjá, ṣùgbọ́n ẹrù kò gbọdọ̀ kan omi. Ẹrù gbọ́dọ̀ gba ojú títì, kí ó yí po, kí ó tó dé ọjà kejì láti tún pàdé olówó rẹ̀. Oníbodè kan sì jókòó sí ojú títì náà, kò sí ẹrù tí yóò kọjá láìsan owó ibodè. Oníbodè náà ni fírísà, tàbí gílóòbù, tàbí fóònù. Owó ibodè tí ó gbà ni iṣẹ́ tí iná ń ṣe fún wa. Nígbà tí gbogbo alájàpá bá ti sọdá tán, bátìrì ti kú nìyẹn. Bí a bá sì fẹ́ kí ó jí, a ó fi agbára láti ìta, ìbáà ṣe ti NEPA tàbí ti oòrùn, lé gbogbo wọn padà sí ọjà tí wọ́n ti wá, pẹ̀lú ẹrù wọn.

Ìyá mi béèrè pé, bí ẹrù bá wá jàjà rí ọ̀nà gba inú odò ńkọ́? Ìbéèrè ọlọ́jà gidi nìyẹn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹrù yóò ya lu ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oníbodè kò ní rí kọ́bọ̀, odò náà yóò sì gbóná títí yóò fi gbiná. Ohun tí ó ń mú fóònù jóná nínú àpò nìyẹn.

Warsaw tutù. Mo ti ṣe ìlérí pé n kò ní ròyìn yìnyín, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀kọ́ wa: nígbà òtútù, fóònù tí ó kún dẹ́múdẹ́mú lè kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú títì, nítorí pé odò inú rẹ̀ ki, àwọn alájàpá kò lè yára. Ooru ń pa bátìrì ní Ìbàdàn, òtútù ń dá a dùbúlẹ̀ ní Warsaw. Èdè wọn le ju òtútù wọn lọ. Ohun tí ó mú mi lọ́kàn ní ìlú náà ni ilé kan ní òpópónà Freta, níbi tí wọ́n ti bí Maria Skłodowska ní ọdún 1867, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Marie Curie. Abẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà ni Warsaw wà nígbà náà, yunifásítì ibẹ̀ kò sì gba obìnrin. Ilé ẹ̀kọ́ ìkọ̀kọ̀ kan, tí ó ń ṣí kiri láti ilé dé ilé, ni ó ti kàwé kí ó tó lọ sí Paris ní ọdún 1891. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ rí èròjà tuntun kan ní ọdún 1898, ó sọ ọ́ ní polonium, nítorí orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí kò sí lórí máàpù ayé ní àkókò náà. A jẹ́ mẹ́fà tí a lọ wo ilé náà, ọmọ orílẹ̀-èdè márùn-ún. Ẹni tí ó wá láti Ẹtiópíà nínú wa dúró níwájú àwòrán ìyá náà, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi jáde.

Iṣẹ́ inú yàrá àyẹ̀wò ni ó gba ọjọ́ wa jù. Lítíọ̀mù àti sódíọ̀mù kò fẹ́ atẹ́gùn, wọn kò fẹ́ ọ̀rinrin. Inú àpótí onígíláàsì tí ó kún fún ágọ́ọ̀nù ni a ti ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn wà lára àpótí náà tí ìwọ yóò ti ọwọ́ bọ̀ láti ìta. Ọ̀rinrin tí ó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó apá kan nínú mílíọ̀nù kan. Níbẹ̀ ni a ti ń to bátìrì kékeré tí ó rí bí owó wẹ́wẹ́: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, nínípọn rẹ̀ mìlímítà 3.2. Ìdérí, ọjà kìíní, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó la ọjà méjèèjì láàrin, ẹ̀kán omi kan tàbí méjì, ọjà kejì, ìdérí. Lẹ́yìn náà ni a óò gbé e sórí ẹ̀rọ tí yóò máa kún un, tí yóò máa fà á, lọ́sàn-án lóru, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn níbẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá kún bátìrì báyìí, omi inú rẹ̀ yóò bà jẹ́ díẹ̀ ní ojú kábọ́ọ̀nù, yóò sì di awọ tẹ́ẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná ti ń di awọ lójú bí ó bá ń tutù. Awọ yìí ń gbé lára àwọn alájàpá jẹ, wọn kò sì ní padà mọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ni kò jẹ́ kí omi tún máa bà jẹ́ sí i. Láìsí awọ yẹn, irú bátìrì báyìí kò ní pẹ́ láyé. Olùkọ́ wa ya odindi ọ̀sẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, ó sì sọ ní tòótọ́ pé àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ orúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sí ní Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ èdè mọ iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹ sì mọ ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984. Gírámà, ìró àti lítíréṣọ̀ rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀. Ta ni yóò bọ́ kẹ́mísírì? Mo pe ọjà inú bátìrì ní ìsọ̀. Mo pe kíkún àti fífà lẹ́ẹ̀kan ní àlọbọ̀ kan, bátìrì tí ó bá sì lè ṣe 2,000 àlọbọ̀, akin ni. Áyọ́ọ̀nù ni mo fi sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí pé alájàpá gùn jù nínú ìṣirò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá.

Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní ọdún 2019, àwọn mẹ́ta tí wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ bátìrì lítíọ̀mù ni wọ́n fún: Stanley Whittingham, John Goodenough àti Akira Yoshino. Goodenough ti di ẹni ọdún 97 nígbà náà. Kò sí ẹni tí ó dàgbà tó o tí ó gba ẹ̀bùn náà rí. Ẹnìkan tí àwa ọmọ Áfíríkà inú kíláàsì máa ń dárúkọ ni Rachid Yazami, ọmọ Mòrókò, tí ó fi hàn ní Grenoble ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 pé lítíọ̀mù lè máa wọ inú gíráfáìtì, kí ó sì máa jáde. Gíráfáìtì yẹn ni ó wà nínú fóònù gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kàwé sí i ni mo ń béèrè ibi tí àwọn èròjà wọ̀nyí ti ń wá. Kóbáàtì tí ayé ń lò, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ tí ó ń ti Kóńgò ti Kinshasa wá, a sì ti gbọ́ bí àwọn ọmọdé ti ń fi ọwọ́ wà á níbẹ̀. Lítíọ̀mù ti wà nílẹ̀ wa náà: ní Nàsáráwá, ní Kwara, ní Èkìtì, ní Òkè-Ògùn. Àwọn tí ó ń wà á ní Òkè-Ògùn láìgbàṣẹ, òkúta ni wọ́n ń kó lọ, ihò ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Òkúta yẹn yóò dé òkè òkun, yóò di bátìrì, yóò sì padà wá bá wa ní iye tí ìyá mi kò lè san. Àpótí bátìrì lítíọ̀mù onífọ́sífeètì kan ṣoṣo, tí ó gba 5,120 wáàtì-wákàtí, ìbá tó fún fírísà rẹ̀ méjèèjì láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀, ó sì lè pẹ́ ju ọdún márùn-ún lọ. Nígbà tí mo béèrè iye rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó ju gbogbo ẹja inú fírísà méjèèjì lọ ní ọ̀nà tí kò ṣeé sọ lójú ìyá mi.

Báyìí ni ọkàn mi ṣe yà sí ti iyọ̀. Jules Verne, tí wọ́n fi sọ yunifásítì Amiens lórúkọ, ìlú náà ni ó ń gbé títí ó fi kú ní ọdún 1905. Nínú ìwé rẹ̀ nípa ọkọ̀ abẹ́ òkun tí ó jáde ní ọdún 1870, ọ̀gá inú ọkọ̀ náà ń yọ sódíọ̀mù láti inú omi òkun, ó ń fi ṣe bátìrì, bátìrì náà sì ń wa ọkọ̀. Ìtàn àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ní Amiens yìí kan náà ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ Tiamat sílẹ̀ ní ọdún 2017 láti máa ṣe bátìrì sódíọ̀mù. Sódíọ̀mù ni ìdajì iyọ̀ ọbẹ̀. Lítà omi òkun kan ní bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú, kò sì sí ìjọba tí yóò fi òkun pamọ́ fún wa. Bátìrì rẹ̀ lè ṣe láìsí kóbáàtì, kò sì nílò bàbà nínú. Alumíníọ̀mù tó o. Àbùkù rẹ̀ ni pé alájàpá yìí sanra: sódíọ̀mù wúwo ju lítíọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé díẹ̀, nítorí náà bátìrì rẹ̀ tóbi, ó sì wúwo. Ó burú fún fóònù. Ta ni yóò gbé fírísà sí àpò?

Mo pe ìyá mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo mú iṣẹ́ náà. Mo ní, “Màámi, iyọ̀ ni a fẹ́ fi máa tọ́jú iná.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Iyọ̀ tí ìyá mi fi ń tọ́jú ẹja kí fírísà tó dé?” Mo ní òun náà ni. Ó ní, “Ó dára. Ẹ ti wá ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀.”

Ìyọnu kan wà nínú rẹ̀. Gíráfáìtì tí lítíọ̀mù ń wọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, sódíọ̀mù kì í fẹ́ wọ̀ ọ́. Kábọ́ọ̀nù líle ni ó ń wọ̀, èyí tí ewé inú rẹ̀ kò tò gún régé, tí ihò wẹ́wẹ́ sì wà láàrin wọn. Igi, èèpo àgbọn, ṣúgà pàápàá ṣeé fi ṣe é, bí a bá sun wọ́n ní ìwọ̀n ooru tí ó ju 1,000 lọ níbi tí kò sí atẹ́gùn. Mo sọ fún olùkọ́ tí ó ń tọ́ mi sọ́nà pé a ní èèpo ẹ̀kùrọ́ nílé, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń dá sí iná ẹwìrì, tí ìyókù ń jẹrà sí ẹ̀yìn ilé ìfúnpo. Ó ní kí n mú un wá. Àbúrò mi fi kílò méjì ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pẹ̀lú ẹnìkan tí ó ń bọ̀ ní Paris. A fọ̀ ọ́, a lọ̀ ọ́, a fi ásíìdì yọ eérú inú rẹ̀, a sun ún. Bátìrì tí a fi ṣe kò ba ojú jẹ́. Àlọ àkọ́kọ́ ni ó ń náni jù: ọ̀pọ̀ alájàpá ni awọ ọjọ́sí yẹn ń gbé jẹ, nítorí pé ihò ara kábọ́ọ̀nù náà pọ̀. Dídín ihò ìta kù láìdí ti inú ni gbogbo iṣẹ́ tí ó kù.

Nígbà tí mo gba oyè tán, wọ́n fi ààyè oyè ọ̀mọ̀wé lọ̀ mí níbẹ̀: ọdún mẹ́ta, owó oṣù, ilé àyẹ̀wò tí iná rẹ̀ kì í kú. Bàbá mi ní kí n gbà á lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìwé tí a kà tán ni a fi ń ran ilé lọ́wọ́, kì í ṣe ìdajì. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ṣé nígbà tí ọdún mẹ́ta náà bá pé, ẹ̀kùrọ́ ni wàá máa gbà lọ́wọ́ àbúrò rẹ, àbí wàá wá kó o fúnra rẹ?” Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Àwọn ọgbọ́n tí ó ṣòro kù tí n kò tíì kọ́, irọ́ sì ni kí n sọ pé ilé dára ju ibẹ̀ lọ fún iṣẹ́ yìí. Níkẹyìn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n pín in: kí n máa fi oṣù mẹ́fà ṣe àyẹ̀wò ní Amiens, kí n máa fi oṣù mẹ́fà sun ẹ̀kùrọ́ nílé lábẹ́ olùkọ́ kan ní yunifásítì wa. Olùkọ́ mi ní Amiens gbà. Àwọn tí ó di àpò owó mú kò tíì fèsì.

Nílé ní báyìí, ìléru kan ṣoṣo ni a ní, ó gba wákàtí mẹ́sàn-án láti gòkè dé ibi tí a fẹ́, kí ó dúró, kí ó sì tutù. Bí iná bá lọ ní wákàtí karùn-ún, ágọ́ọ̀nù ti ṣòfò, ẹ̀kùrọ́ náà kò sì wúlò fún nǹkan kan mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ́wáyà wá wò ó, ó ní òun lè so bátìrì olójé mẹ́jọ mọ́ ọn kí ó fi parí iṣẹ́ bí iná bá lọ lójijì. Mo ṣírò rẹ̀, yóò tó fún wákàtí méjì ó lé díẹ̀. A ti rí mẹ́fà. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, a tan ìléru ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, iná kò lọ títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Gíráàmù 40 èédú wà nínú ìgò lórí tábìlì mi báyìí, a kò tíì wọ̀n ihò ara rẹ̀.